Ọwọ́ Tí Yóò Wọ Ibẹ̀

Ní ọjọ́ kẹrin tí mo dé ibi iṣẹ́, Bàbá Wẹ́dà, tó ń jó irin pọ̀ níbẹ̀, na ìwé tí mo yà àwòrán ẹ̀rọ sí padà sí mi. Kò bínú. Ó gbé gíláàsì dúdú rẹ̀ lé iwájú orí, ó mú mi lọ sí ẹ̀yìn wọ́kíṣọ́ọ̀pù níbi tí wọ́n to àwọn férémù sí, ó tọ́ka sí igun kan láàárín irin méjì, ó ní, "Ọmọ mi, ti ọwọ́ rẹ bọ ibẹ̀ yẹn kí n rí i." Mo ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Ó wọlé dé ọrùn-ọwọ́, ó há. Ó wá fi sípánà kan lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n tún gbìyànjú. Sípánà náà kò tilẹ̀ kọjá ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Irú àyè tí o fi sílẹ̀ nínú ìwé rẹ nìyí. Bóòtù tí o yà síbẹ̀, ta ni yóò fún un le?"

Lórí kọ̀ǹpútà, bóòtù yẹn kò ní ìṣòro kankan. Ó wọ ihò rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó ń dán, mo sì ti yí àwòrán náà sókè sódò, sọ́tùn-ún sósì, títí ọkàn mi fi balẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú nìkan ni ó máa ń rìn yí nǹkan ká nínú kọ̀ǹpútà. Ojú lè gba inú irin kọjá, ọwọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo fa ọwọ́ mi yọ, Bàbá Wẹ́dà ní, "Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Èyí tí ìwọ yà yìí, tọmọdé tàgbà, kò sí ọwọ́ tí yóò wọ̀ ọ́."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ òwe yẹn. Àwọn òbí wa a máa fi í là wá níjà, kí ẹ̀gbọ́n má fojú di àbúrò, kí àbúrò má rí ẹ̀gbọ́n fín. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ọ̀rọ̀ ìwọ̀n, ọ̀rọ̀ iye mílímítà tí ó wà láàárín irin kan àti èkejì. Láti ìgbà náà, kò kúrò lọ́kàn mi mọ́, òun ni mo sì jókòó kọ ní alẹ́ yìí.

Mechanical engineering ni mò ń kọ́ ní yunifásítì, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ọdún kẹta ni. Ìsinmi ọlọ́jọ́ gígùn dé, àsìkò IT olóṣù mẹ́ta, tí akẹ́kọ̀ọ́ máa ń lọ kọ́ iṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́, sì dé pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣe IT rí, ẹ mọ bí ó ṣe máa ń rí: lẹ́tà láti ilé-ìwé, logbook tí a ń kọ iṣẹ́ ojoojúmọ́ sí ní abẹ́ apá, owó mọ́tò nínú àpò, ẹsẹ̀ á sì máa gbé ènìyàn láti géètì kan dé òmíràn. Àjọ ITF (Industrial Training Fund), tí ìjọba àpapọ̀ dá sílẹ̀ ní 1971, ni ó bẹ̀rẹ̀ ètò IT yìí, tí wọ́n ń pè ní SIWES, ní 1973, nítorí igbe tí ń lọ nígbà náà pé àwọn tó ń jáde ní ilé-ìwé gíga mọ ìwé ṣùgbọ́n ọwọ́ wọn kò mọ iṣẹ́. Ó ti lé ní 50 ọdún. Ó ń dùn mí pé títí di òní, ọ̀pọ̀ nínú àwa akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ tán tí wọ́n á wá sọ di ẹni tí ń ra omi, tí ń ṣe fọ́tókọ́pì. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta wọ́n á buwọ́ lu logbook fún un, á sì padà sí kíláàsì bí ó ṣe lọ.

Lẹ́tà mẹ́rìnlá ni mo há kí n tó rí àyè. Mẹ́sàn-án kò fèsì rárá. Ní ibì kan, ọkùnrin tó gba lẹ́tà mi wò ó, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó ní àwọn kì í fi obìnrin sí ibi tí wọ́n ti ń lo iná àti irin, pé bí mo bá fẹ́, mo lè máa bá akọ̀wé to fáìlì. Mo dúpẹ́, mo jáde. Ó dùn mí dé ọkàn. Nínú ọkọ̀ tí mo wọ̀ padà, mo ń wo ọwọ́ ara mi lórí itan, mo ń bi í pé kí ni ó ṣe.

Ibi tí mo wá rí, ilé-iṣẹ́ kékeré ni ní Ìbàdàn. Wọn kò ju ènìyàn mọ́kànlá lọ. Ẹ̀rọ tí a fi ń ṣe oúnjẹ ni wọ́n ń ṣe: èyí tí ń rin ẹ̀gẹ́, èyí tí ń fún omi rẹ̀, agbada ńlá tí a fi ń yan gàrí, èyí tí ń pa àgbàdo. Yàrá ìyàwòrán wà lókè, wọ́kíṣọ́ọ̀pù wà nísàlẹ̀, àtẹ̀gùn irin kan ló so wọ́n pọ̀. Ọ̀gá mi ní òkè ni a ń pè ní Ẹnjiníà. Obìnrin ni, ó sì tó ìyá mi lọ́jọ́ orí. Ohun tó kọ́kọ́ bi mí ni bóyá bàtà tí mo wọ̀ lè gbà mí bí irin bá já lé e. Kò lè gbà mí. Ó fún mi ní òmíràn láti inú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀.

Mo ti rò pé wọn yóò gbé mi ka iwájú kọ̀ǹpútà lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Mo ti mọ AutoCAD tí a fi ń ya àwòrán lórí kọ̀ǹpútà, mo sì ti ń kọ́ irú rẹ̀ kan, SolidWorks, láti ọdún kejì. Ẹnjiníà kò tan kọ̀ǹpútà rárá. Bẹ́rìn kan tí ó ti gbó, òrùka irin tí ọ̀pá ẹ̀rọ máa ń yí nínú rẹ̀, àti vernier tí a fi ń wọn irin ni ó gbé fún mi, ó ní kí n wọ̀n ọ́n. Mo wọ̀n ọ́n: ihò àárín 25 mílímítà, ẹ̀yìn rẹ̀ 52, fífẹ̀ rẹ̀ 15. Ó ní kí n nu ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kí n kà á. Mo fi àkísà nu ọ̀rá kúrò, mo rí 6205. Ó ní, "Mú nọ́ńbà méjì tó kẹ́yìn, kí o sọ ọ́ di ìlọ́po márùn-ún." Márùn-ún ní ọ̀nà márùn-ún, 25. Òfin yẹn bẹ̀rẹ̀ láti 04: 6204 jẹ́ 20, 6206 jẹ́ 30, bẹ́ẹ̀ ni ó ń lọ. Ọdún mẹ́ta ni mo ti fi ń yan bẹ́rìn nínú ìdánwò, tí mo ń ṣírò ẹrù tí yóò rù àti iye wákàtí tí yóò lò kí ó tó bàjẹ́, kò sì sẹ́ni tó sọ fún mi rí pé ó kọ ìwọ̀n ihò rẹ̀ sí ara. Àwọn tó ń ta spare parts ní Agodi Gate mọ̀ ọ́n láìwo ìwé.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ pé èdè òkè àti èdè ìsàlẹ̀ kì í ṣe ọ̀kan náà. Lókè, a máa ń kọ M10 sí ẹ̀gbẹ́ bóòtù. Mẹ́wàá yẹn ni sísanra bóòtù náà ní mílímítà. Nísàlẹ̀, kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀. "Bóòtù sẹ́fúntíìnì" ni wọ́n ń pè é, nítorí pé sípánà 17 ni ó ń mú orí rẹ̀. Mo kọ́kọ́ rò pé àṣìpè ni, mo tilẹ̀ ti fẹ́ sọ fún ẹni tó ń bá Bàbá Wẹ́dà ṣiṣẹ́ pé kò tọ̀nà. Ọpẹ́ ni pé mi ò sọ ọ́. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé ohun tí bóòtù jẹ́ ni èmi ń pè, ohun tí ọwọ́ yóò mú dání láti fún un ni òun ń pè. Ká ní èmi náà ti ń pè é ní sẹ́fúntíìnì láti òwúrọ̀ tí mo jókòó ti àwòrán yẹn, bóyá ǹ bá ti bi ara mi pé sípánà náà dà, ibo ni yóò gbà wọlé, ibo ni yóò yí sí.

Nítorí pé sípánà ní láti yí. Èyí gan-an ni Bàbá Wẹ́dà jókòó ṣàlàyé fún mi lọ́sàn-án ọjọ́ kẹrin náà, lórí àpótí tí ó ń kó ẹlẹ́kítíróòdù sí. Orí bóòtù ní ẹ̀gbẹ́ mẹ́fà, nítorí náà bí o bá fi sípánà sí i, o gbọ́dọ̀ lè yí i dé ìdá kan nínú mẹ́fà àyíká kí o tó lè tún un mú. Bí àyè kò bá tó bẹ́ẹ̀, o lè dojú sípánà délẹ̀, nítorí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ẹnu rẹ̀ wọ́ díẹ̀, a sì fi ìyẹn dín àyè tí ó ń fẹ́ kù sí ìdajì. Mo wo sípánà tí ó wà lọ́wọ́ mi. Lóòótọ́, ẹnu rẹ̀ wọ́. Irú sípánà yẹn wà nílé wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, bàbá mi fi ń tún jẹnẹrétọ̀ ṣe, èmi ni mo sì máa ń mú un fún un. Mi ò bèèrè rí pé kí ló dé tí ẹnu rẹ̀ kò tọ́.

Nǹkan kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ sọ nípa ìwé àkọ́kọ́ yẹn. Gbogbo ihò inú rẹ̀ ni mo kọ ìwọ̀n tó le koko sí, pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi 0.02 mílímítà ṣìnà. Mo rò pé bí ó bá ṣe le tó ni yóò ṣe dára tó. Ẹ̀gbọ́n Tọ́nà, tó ń lo ẹ̀rọ lathe tí a fi ń gbẹ́ irin, pè mí, ó fi ìka lé ihò kan tó jẹ́ pé bóòtù ìdérí lásán ni yóò gba ibẹ̀ kọjá, ó ní, "Àbúrò, èyí yóò gbà mí ní ìdajì ọjọ́. Ṣé ó nílò rẹ̀?" Kò nílò rẹ̀. Irun orí ènìyàn kan nípọn ju 0.02 lọ. Ibi tí bẹ́rìn yóò jókòó sí nìkan ni ó yẹ kí n ti le bẹ́ẹ̀. Mo ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fi nọ́ńbà kan tí mo tẹ̀ láìronú gba ìdajì ọjọ́ lọ́wọ́ ẹni ẹlẹ́ni. Ojú tì mí, mo sì bẹ̀ ẹ́.

Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé mi lọ́wọ́ ni ẹnu ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́, ibi tí a ń da ẹ̀gẹ́ tí a ti bó sí kí rólà, irin róbótó tó ń yí tó sì ń rin ín, tó gbà á. Ẹ̀gbẹ́ àwọn obìnrin kan tí wọ́n ń ṣe gàrí ní abúlé kan lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde ni ó ní kí wọ́n ṣe tuntun fún àwọn. Nínú àwòrán mi, ẹnu náà ga tó 1,350 mílímítà láti ilẹ̀. Ẹnjiníà bèèrè pé níbo ni mo ti rí ìwọ̀n yẹn. Mo sọ òtítọ́: lórí íntánẹ́ẹ̀tì, lára ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ ńlá kan tó jẹ́ pé bẹ́lítì ló ń gbé ẹ̀gẹ́ dé ẹnu rẹ̀. Kò bá mi wí. Ó ní, "Ní ọjọ́ Ẹtì, a ó jọ lọ síbẹ̀. Mú tépù dání."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ gàrí, nítorí kò ṣe àjèjì sí mi. Ìjẹ̀bú ni ìyá ìyá mi, gàrí ni ó sì fi tọ́ àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé ọ̀dọ̀ wọn, páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ihò sí lára ni wọ́n fi ń rin ẹ̀gẹ́, ẹni tó ń rin ín á tẹ ẹ̀gẹ́ mọ́ ojú páànù náà, á máa fà á sókè sódò. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti kéré tán lọ́wọ́, oríkèé ìka ni páànù yóò mú. Àpá wà lórí oríkèé ìka màmá àgbà títí wọ́n fi lọ. Orílẹ̀-èdè wa ni ó ń gbin ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé lónìí, ohun ọ̀gbìn náà sì wá láti òkè òkun, láti ìhà Brazil. Àwọn Àgùdà, àwọn ènìyàn wa tí wọ́n padà wá sílé láti oko ẹrú ní Brazil ní ọ̀rúndún 19, wà lára àwọn tó tan ọgbọ́n gàrí ṣíṣe kálẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Omi ara ẹ̀gẹ́ a máa kan bí ó bá pẹ́, oró cyanide sì wà nínú rẹ̀. Rírin, jíjẹ́ kí ó kan, fífún àti yíyan ni ó ń lé oró náà lọ, gàrí Ìjẹ̀bú sì máa ń pẹ́ nínú àpò kí wọ́n tó yan án, ìdí nìyẹn tí ó fi ń kan lẹ́nu. Omi kíkan yìí kan náà ni ó ń jẹ irin. Irin lásán kì í pẹ́ dípẹtà lábẹ́ rẹ̀, nítorí náà stainless ni gbogbo ibi tí ẹ̀gẹ́ bá fara kàn nínú ẹ̀rọ wa, bó ti wù kí ó wọ́n tó.

Ní abúlé náà, ẹ̀rọ àtijọ́ wọn wà lábẹ́ ìbòrí páànù. Etí ẹnu rẹ̀ ti jẹ bí ìwé tí eku bu jẹ, wọ́n sì ti lẹ̀ ẹ́ ní bíi ọ̀nà mẹ́ta. Obìnrin kan gbé bàsíà ẹ̀gẹ́ dé, ó dúró níwájú rẹ̀, kò dà á. Ó ń dúró de ẹnì kejì. Nígbà tí ìyẹn dé, àwọn méjèèjì jọ gbé bàsíà náà kọjá èjìká, omi ẹ̀gẹ́ sì ṣàn bọ́ sí wọn lápá títí wọ abíyá. Mo dúró mo ń kà á: láàárín wákàtí kan, wọ́n gbé e bẹ́ẹ̀ ní ìgbà mọ́kàndínlógún. Ẹnu ẹ̀rọ àtijọ́ yẹn kò sì tíì ga tó èyí tí mo yà.

Mo kúnlẹ̀ kí Ìyá tó jẹ́ olórí wọn, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n jẹ́ kí n wọ̀n wọ́n. Wọ́n kọ́kọ́ rò pé aṣọ ni mo fẹ́ rán. Obìnrin méje ló ká apá, mo fi tépù wọ̀n láti ilẹ̀ dé ìgúnpá wọn, mo ń kọ ọ́ sí ẹ̀yìn logbook. Ẹni tó kúrú jù, 960 mílímítà. Ẹni tó ga jù, 1,050. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ ẹni karùn-ún, ó na ọwọ́ òsì sí mi dípò kí ó ká a. Orí ìka àárín kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ní ẹ̀gẹ́ kan ló há lẹ́nu ẹ̀rọ, òun fi ọwọ́ tì í, rólà kò sì jìnnà. Ó sọ ọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́, bí ẹni ń sọ ọjọ́ tí òjò rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó wá ká apá tó kù kí n wọ̀n ọ́n. Ìgúnpá rẹ̀ jẹ́ 1,000 géérégé.

Mi ò lè sọ̀rọ̀ púpọ̀ nígbà tí a ń padà bọ̀. Ẹnjiníà náà kò sọ̀rọ̀. Nígbà tí a dé Ìbàdàn, ó ṣí ìwé òfin ààbò kan fún mi, ISO 13857 ni nọ́ńbà rẹ̀. Tábìlì wà nínú rẹ̀ tí ó sọ bí ohun tó léwu ṣe gbọ́dọ̀ jìnnà tó sí ihò tí ọwọ́ lè gbà wọlé. Bí ihò náà bá fẹ̀ ju 40 mílímítà lọ tí kò sì ju 120 lọ, 850 mílímítà gbọ́dọ̀ wà láàárín ẹnu rẹ̀ àti ohun tó léwu, nítorí pé odindi apá lè wọ ibẹ̀ dé èjìká. Ẹ̀gẹ́ kò lè gba ibi tó kéré sí 40 kọjá. Nítorí náà, 850 ni.

Ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti wá le, ibí yìí náà ni mo sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ràn rẹ̀ dé ìwọ̀n tí mi ò mọ̀ rí. Ẹ wò ó. Ìka obìnrin yẹn ń béèrè pé kí ọ̀fun ẹ̀rọ gùn. Èjìká wọn ń béèrè pé kí ẹnu rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí mo bá dá ọ̀fun náà dúró gbọọrọ, yóò gùn, ṣùgbọ́n ẹnu yóò ga. Bí mo bá dà á dùbúlẹ̀, ẹnu yóò wálẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀gẹ́ kò ní yọ̀ lọ fúnra rẹ̀, yóò há, ẹnì kan yóò sì tún fi ọwọ́ tì í. Ọwọ́ yẹn ni gbogbo rẹ̀ ń padà sí.

Mo béèrè pé báwo ni ó ṣe yẹ kí ó dagun tó kí ẹ̀gẹ́ lè yọ̀. Ẹnjiníà ní kí n lọ bèèrè lọ́wọ́ ẹ̀gẹ́. Mo ra ẹ̀gẹ́ ní ọjà, mo bó o, mo fọ̀ ọ́, mo tẹ́ páànù stainless kan sórí tábìlì, Bàbá Wẹ́dà di ẹ̀gbẹ́ kan mú, a ń gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, fóònù mi sì wà lórí rẹ̀ tí ó ń ka bí ó ṣe dagun tó. Ègé àkọ́kọ́ yọ̀ nígbà tí a dé dígírì 28. Ègé kejì lẹ̀ mọ́ ọn títí di 31. A ṣe é lógún ìgbà, a yí ègé padà, a da omi sí i, a nu omi kúrò. Kò sí èyí tó kọjá 32. A fohùn ṣọ̀kan sí 35, kí àyè lè kù fún ọjọ́ tí ẹ̀gẹ́ bá ṣorí kunkun.

Mo ṣírò rẹ̀. Ọ̀fun tó gùn tó 850, tó dagun ní 35, yóò gbé ẹnu ẹ̀rọ sókè ju rólà lọ ní nǹkan bí 490 mílímítà. Orí rólà wà ní 600, nítorí pé bàsíà ńlá ni yóò wà lábẹ́ rẹ̀ láti gba ẹ̀gẹ́ tí ó ti rin. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,090. Ó sàn ju 1,350 lọ, ṣùgbọ́n ó ṣì kọjá ìgúnpá gbogbo àwọn méjèèje. Mo rò pé kí a kọ́ àtẹ̀gùn kékeré kan tí wọn yóò gùn. Bàbá Wẹ́dà mi orí. Ó ní ilẹ̀ ibẹ̀ kì í gbẹ, omi ẹ̀gẹ́ a sì máa yọ̀ bí ilá. Ẹni tó gbé bàsíà dání kò rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Ìyá olórí wọn ló tú u. Ẹnjiníà pè wọ́n lórí fóònù, ó ṣàlàyé ibi tí a há sí, wọ́n sì ní, "Kí ló dé tí ẹ fi rò pé bàsíà ni a fẹ́ràn láti máa fi gbà á nísàlẹ̀? Tó bá kún, ènìyàn méjì ní ń fà á jáde. Ẹ bá wa ṣe páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ tí kò jìn, tí ẹnì kan lè máa fà bí dúrọ́ọ̀." Páànù tí kò jìn. Bàsíà yẹn ni kò jẹ́ kí rólà wálẹ̀, rólà ni kò sì jẹ́ kí ẹnu wálẹ̀. Mo fi 100 mílímítà sọ rólà kalẹ̀ lórí àwòrán, ẹnu ẹ̀rọ wá sí 990. Mo wo nọ́ńbà yẹn fún ìgbà pípẹ́. Ọdún mẹ́ta ni mo ti ń fi ìṣirò wá ìdáhùn, mi ò tíì rí èyí tó wọ̀ mí lára tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ẹni tó kúrú jù nínú wọn yóò ṣì gbé bàsíà kọjá ìgúnpá rẹ̀ ní 30 mílímítà. Mo mọ̀ ọ́n. Mo ti kọ ọ́ sínú logbook pé kò tíì yanjú, Ẹnjiníà sì fàlà sí i nídìí.

Àná, mo tẹ ìwé tuntun náà jáde lórí A3, mo gbé e sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn irin lọ bá Bàbá Wẹ́dà. Kò tíì wò ó jìnnà tó fi bọ́ ìbọ̀wọ́, tó mú ṣọ́ọ̀kì àti tépù, tó wọ̀n 990 lára ògiri, tó sì fa ìlà gbọọrọ síbẹ̀. Lábẹ́ ìlà yẹn, ó ya ọ̀fun ẹ̀rọ bí yóò ṣe tóbi gan-an, ó ya rólà, ó ya páànù fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, títí ẹ̀rọ náà fi dúró lára ògiri ní funfun. Ó wá ké sí Ìyá Olóúnjẹ tó ń ta ìrẹsì fún wa ní géètì, ó ní kí wọ́n gbé bàsíà wọn wá. Wọ́n ti tà tán, omi ìfọ-abọ́ ló kù nínú rẹ̀. Ó ní kí wọ́n dúró ti ògiri, kí wọ́n ṣe bí ẹni pé ẹnu ẹ̀rọ ni ìlà yẹn, kí wọ́n dà á.

Wọ́n gbé etí bàsíà lé ìlà ṣọ́ọ̀kì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ síwájú. Èjìká wọn kò gbéra. Omi náà ṣàn lára ògiri, ó gba orí ọ̀fun tí a yà, ó ń pa ṣọ́ọ̀kì rẹ́ bí ó ṣe ń lọ.

Bàbá Wẹ́dà gbé ìwé mi sún mọ́ ojú, ó ń wá igun kan nínú rẹ̀. Sípánà sẹ́fúntíìnì ti wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì. "Ó dáa," ó ní. "Bóòtù ńkọ́?"